Ìbòjú Funfun Tí Kò Fẹ́ Kú

Halloween II, fíìmù ọdún 1981: apànìyàn tí kì í sọ̀rọ̀, owó tí ó jí i dìde, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹ̀rù àwọn ẹlòmíràn pa

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1981, fíìmù kan jáde ní àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà. Halloween II ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó fi ìbòjú funfun bo ojú ni ó ń pa ènìyàn kiri nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í sáré. Kì í sọ̀rọ̀. Kò sì sí ẹni tí ó lè rí ìbínú tàbí ayọ̀ lójú rẹ̀. Ó kàn ń rìn bọ̀ ni, ọ̀bẹ lọ́wọ́, bí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹni tí òun ń lé kò ní ibi tí yóò sá gbà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Wọ́n yìnbọn lù ú, ó dìde. Wọ́n gún un lọ́bẹ, ó dìde.

Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lónìí. Ó wà lórí tẹlifísọ̀n, ó sì wà lórí tẹlifóònù àwọn ọ̀dọ́. Òbí púpọ̀ ń gbọ́ igbe láti inú yàrá àwọn ọmọ wọn lóru, wọn kò sì mọ ohun tí àwọn ọmọ náà ń wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n yóò jèrè bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn fíìmù tí apànìyàn aboojú wà nínú wọn ni ó ti ibẹ̀ kọ́ iṣẹ́.

Alẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń bo ojú

Halloween ni orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Alẹ́ náà ni ó ṣáájú àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní Toussaint. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ni àjọ̀dún yìí máa ń bọ́ sí, ọjọ́ ìsinmi sì ni ní orílẹ̀-èdè Benin.

Àwọn ará Ireland àti Scotland tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé àṣà alẹ́ náà dé ibẹ̀. Ní alẹ́ náà, àwọn ọmọdé a máa fi ìbòjú bo ojú. Wọn a máa wọ aṣọ iwin tàbí aṣọ òkú. Wọn a máa lọ láti ilé dé ilé, wọn a máa tọrọ ohun dídùn. Àwọn àgbà a máa gbẹ́ inú elégédé, wọn a gé ojú àti ẹnu sí i lára, wọn a sì tan fìtílà sínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ronú díẹ̀ yóò rí ìdí tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù fi yan alẹ́ yìí. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti bo ojú, ta ni yóò fura sí ẹni tí ó bo ojú? Apànìyàn lè rìn ní àárín ìgboro, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọlọ́pàá kọjá, kí àwọn ọmọdé sì rò pé ó ń bá wọn ṣeré ni. Nígbà tí fíìmù àkọ́kọ́ dé ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi La Nuit des masques kún orúkọ rẹ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Alẹ́ Àwọn Ìbòjú.

Bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Fíìmù àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1978. John Carpenter, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni 30 ọdún, ni ó darí rẹ̀. Òun àti Debra Hill ni wọ́n jọ kọ ìtàn rẹ̀. Moustapha Akkad, ọmọ ilẹ̀ Síríà tí wọ́n bí ní ìlú Aleppo, ni ó wá owó fún iṣẹ́ náà. Owó náà kò pọ̀: nǹkan bíi 300,000 dọ́là ni. Nǹkan bí ogún ọjọ́ ni wọ́n fi ya fíìmù náà.

Ìlú kékeré kan tí wọ́n pè ní Haddonfield ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ìlú náà ní ìpínlẹ̀ Illinois tí wọ́n ní ó wà. Debra Hill ni ó mú orúkọ rẹ̀ láti ara ìlú tí a ti tọ́ òun fúnra rẹ̀ dàgbà ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ìgbà tí ewé ń wọ́ ni ìtàn náà ń sọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ni wọ́n ń ya fíìmù náà, ní California tí oòrùn ti mú dáadáa. Nítorí náà, wọ́n kun ewé ní ọ̀dà kí ó lè dà bí ewé gbígbẹ. Wọ́n a dà á sílẹ̀, wọn a ya àwòrán, wọn a tún gbá a jọ sínú àpò, wọn a sì gbé e lọ sí ibi tí iṣẹ́ bá tún kàn.

Ìtàn náà fúnra rẹ̀ kò gùn. Ní alẹ́ Halloween ọdún 1963, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan tí ń jẹ́ Michael Myers mú ọ̀bẹ, ó sì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Judith. Ó lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ní ọdún 1978, ó sá jáde, ó sì padà sí ìlú rẹ̀. Oníṣègùn rẹ̀, Dókítà Loomis, ń wá a kiri, ó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ náà, ọmọbìnrin kan tí ó ṣì wà ní ilé ìwé, Laurie Strode, lọ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́ àwọn Myers. Bàbá rẹ̀, tí ó ń ta ilé, ni ó rán an. Michael wà nínú ilé náà, ó ń wò ó. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tẹ̀ lé e. Ní alẹ́, Laurie ń bá àwọn aládùúgbò tọ́jú ọmọ. Michael pa mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó tó wá kojú òun fúnra rẹ̀. Ní ìparí, Dókítà Loomis yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó ṣubú láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sínú ọgbà. Nígbà tí oníṣègùn náà bẹ ojú wo ìsàlẹ̀, kò sí òkú kankan níbẹ̀. Orí koríko ṣófo.

Ìbòjú tí kò tó dọ́là méjì

Kò sí owó láti gbẹ́ ìbòjú tuntun. Tommy Lee Wallace, tí ó ń bójú tó ohun èlò fíìmù náà, lọ ra ìbòjú rọ́bà kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ní Hollywood. Owó rẹ̀ kò tó dọ́là méjì. Ojú òṣèré kan tí ń jẹ́ William Shatner ni wọ́n fi ṣe ìbòjú náà. Nínú eré Star Trek lórí tẹlifísọ̀n, òṣèré yìí ni ó ń ṣe ọ̀gá àwọn tí ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀run. Wallace fẹ ihò ojú rẹ̀ sí i, ó tún irun orí rẹ̀ ṣe, ó sì fi ọ̀dà funfun kun gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó parí, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé ojú ta ni. Ó ti di ojú ènìyàn tí kò sí ẹni nínú rẹ̀.

Nick Castle, tí òun àti Carpenter jọ kẹ́kọ̀ọ́ fíìmù ní ilé ìwé gíga, ni ó gbé ìbòjú náà wọ̀. Dọ́là 25 ni wọ́n ń san fún un lójúmọ́. Níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ àwọn òṣèré sí ní ìparí fíìmù náà, ìnagijẹ tí wọ́n kọ fún apànìyàn aboojú ni The Shape. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni ìrí, èyí ni ohun tí ojú rí ṣùgbọ́n tí ọkàn kò lè dá orúkọ rẹ̀ mọ̀.

Àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ mọ ìbòjú dáadáa. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún iyebíye fún gbogbo ayé, kì í jáde lásán. Ìlù a pè é, orin a tẹ̀ lé e. A bu ọlá fún àwọn ìyá, a sì bá ìlú wí níbi tí ìlú bá ti ṣìnà. Ẹni tí ó bá mọ irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ yóò tètè rí ohun tí ó burú nínú ti Michael Myers. Kò sí ẹni tí ó pè é. Kò ní orin, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá ìlú sọ. Òfìfo ni ó gbé wá.

Carpenter fúnra rẹ̀ ni ó tún kọ orin fíìmù náà, lórí dùùrù. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ orin, òun ni ó sì kọ́ ọ ní ìlù tí a ń kà ní márùn-ún márùn-ún nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Orin náà ń sáré nígbà tí apànìyàn ń rọra rìn. Àyà òǹwòran a máa já kí ó tó rí ohunkóhun. Ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀ nínú fíìmù àkọ́kọ́ yìí. Ìdúródeni ni ó ń dẹ́rù ba ènìyàn nínú rẹ̀: ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, òkùnkùn lẹ́yìn ọmọbìnrin kan, ìró èémí lábẹ́ rọ́bà.

Owó pè é padà

Fíìmù tí wọ́n fi 300,000 dọ́là ṣe mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 47 dọ́là wọlé ní Amẹ́ríkà nìkan. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irú rẹ̀. Ní ọdún 1980, Friday the 13th jáde, òun náà sì mú owó ńlá wọlé. Kò sí iyàn mọ́ pé Halloween gbọ́dọ̀ ní apá kejì.

Ní ti Carpenter, ìtàn náà ti parí. Kò fẹ́ darí òmíràn. Ṣùgbọ́n òun àti Debra Hill gbà láti kọ ọ́. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò rọrùn fún òun láti rí ohun tuntun kọ, àti pé ọtí bíà ni òun ń mu lóru bí òun ti ń kọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Rick Rosenthal, ni wọ́n fún ní iṣẹ́ olùdarí. Owó tí wọ́n ná ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là.

Ìbòjú àtijọ́ náà ni wọ́n tún lò. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti gbó, funfun rẹ̀ sì ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Dick Warlock ni ó wọ̀ ọ́ ní ọ̀tẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti ṣubú, láti forí sọlẹ̀ àti láti la iná kọjá dípò àwọn òṣèré. Jamie Lee Curtis, tí ó ṣe Laurie, ti gé irun rẹ̀ kúrú, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà sì ń bá alẹ́ kan náà lọ. Nítorí náà, wíìgì ni ó dé sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tí fíìmù àkọ́kọ́ dúró sí gan-an ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé Laurie lọ sí ilé ìwòsàn ìlú. Òru ni, àwọn òṣìṣẹ́ kò ju díẹ̀ lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn, iná kò mọ́lẹ̀ tó. Michael ti gbọ́ ibi tí ó wà láti orí rédíò. Ó wọ ilé ìwòsàn náà, ó sì ń pa àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n fi ń wo ènìyàn sàn ni ó ń fi pa ènìyàn: abẹ́rẹ́, ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ, omi gbígbóná tí wọ́n fi ń tọ́jú ara ríro.

Nígbà tí Rosenthal parí iṣẹ́ rẹ̀, Carpenter wò ó, ó ní kò dẹ́rù bani tó. Ó tún ya àwọn apá kan kún un, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ apá kìn-ín-ní àti apá kejì wà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ kí òǹwòran fi ọkàn ara rẹ̀ ya ohun tí ó burú. Èkejì fi í hàn án, nítorí pé ọjà ti yípadà, àwọn olùbánidíje sì ń fi ẹ̀jẹ̀ fa èrò wọ ilé sinimá.

Ìdí tí ó ba ẹ̀rù jẹ́

Apá kejì ní láti dáhùn ìbéèrè kan: kí ló dé tí ó fi jẹ́ Laurie ni apànìyàn yìí ń lé? Ìdáhùn tí Carpenter rí ni pé Laurie jẹ́ àbúrò Michael. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa Judith. Àwọn òbí wọn kú, ìdílé Strode gbà á tọ́, wọ́n sì fi ìwé rẹ̀ pamọ́.

Ìdáhùn náà bá ẹlòmíràn lára mu. Ó so ìtàn náà pọ̀, ó sì fún àwọn tí ó ya fíìmù lẹ́yìn náà ní okùn tí wọn yóò máa fà. Ṣùgbọ́n Carpenter fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà pé àbámọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún òun. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, Laurie kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ rán an níṣẹ́, ó jẹ́ iṣẹ́ náà, ojú ẹni ibi sì bà lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí pé ó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ni, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Òǹwòran lè mí kanlẹ̀, kí ó wí pé: èmi kì í ṣe ará ilé Myers, kò kàn mí.

Ní ìparí Halloween II, Laurie yìnbọn sí ojú Michael méjèèjì. Ó fọ́jú, síbẹ̀ ó ń fi ọ̀bẹ ṣá afẹ́fẹ́. Dókítà Loomis ṣí gáàsì sílẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ní kí Laurie sá jáde, ó sì ṣáná. Ilé gbiná. Michael rìn jáde láti inú iná, ó gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó sì ṣubú. Warlock ni wọ́n sọ iná sí lára níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ ààbò. Ète Carpenter ni pé kí apànìyàn náà kú pátápátá.

Ní ọdún 1982, wọ́n ṣe Halloween III láìsí Michael nínú rẹ̀. Àwọn òǹwòran kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìbòjú funfun ni wọ́n ń fẹ́. Ní ọdún 1988, wọ́n jí i dìde. Àwọn àgbà sọ pé bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá ṣì ń san owó láti wo Michael Myers, kò sí ọta ìbọn tí yóò pa á. Fíìmù tí ó ń jẹ́ Halloween ti pé 13 lónìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣì pè ní Michael

Nínú gbogbo ikú inú Halloween II, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí òǹwòran dúró lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fíìmù náà yára kọjá lórí rẹ̀. Kì í ṣe Michael ni ó pa ẹni yìí.

Nínú fíìmù àkọ́kọ́, Laurie sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí òun fẹ́ràn, Ben Tramer. Ní apá kejì, Dókítà Loomis àti àwọn ọlọ́pàá ń wa ọkọ̀ kiri ìlú. Ojú ti dà wọ́n. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí ó fi ìbòjú tí ó jọ ti apànìyàn bo ojú, tí ó ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Oníṣègùn náà fa ìbọn yọ, ó sì ń pariwo. Ọkùnrin náà ń sún sẹ́yìn. Lójijì, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan sáré dé, ó gbá a, ó sì tì í mọ́ ọkọ̀ mìíràn. Iná sọ, ó sì jó o pa. Nígbà tí ó yá ni wọ́n tó mọ̀ pé Ben Tramer ni. Ẹni 17 ọdún ni. Ìbòjú alẹ́ ọdún nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ní alẹ́ náà kan náà, èrò ti pé jọ síwájú ilé àtijọ́ àwọn Myers. Wọ́n ń sọ òkúta lu ilé náà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Apànìyàn wà ní ibòmíràn, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo agbára ìlú ń lọ sí ibi tí kò sí ewu.

Lẹ́yìn 40 ọdún, àwọn mìíràn mú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì fi odindi fíìmù sọ ọ́. Ní ọdún 2018, David Gordon Green darí Halloween tuntun kan. Ó pa gbogbo fíìmù tí ó wà láàárín tì, ó sì bá ìtàn ọdún 1978 lọ. Ọ̀rọ̀ àbúrò àti ẹ̀gbọ́n náà, ó dà á nù. Apá kejì ti Green, Halloween Kills, jáde ní ọdún 2021. Bíi ti ọdún 1981, alẹ́ kan náà ni ó ń bá lọ. Bíi ti ọdún 1981, Laurie wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn Haddonfield.

Nínú fíìmù yìí, ẹ̀rù ti di ìbínú. Àwọn ará ìlú kó igi àti ìbọn, wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni yóò pa ibi náà ní alẹ́ yìí. Wọ́n rí ọkùnrin kan nínú ilé ìwòsàn náà. Alárùn ọpọlọ ni, òun náà ti sá jáde ní alẹ́ àná. Kò jọ Michael rárá. Ó kúrú, ó sanra, ẹ̀rù sì ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kígbe pé òun ni, igbe náà sì ti tó. Èrò ń lé e láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn díẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kì í ṣe òun, kò sí ẹni tí ó gbọ́. Ọkùnrin náà fọ́ fèrèsé, ó bẹ́ sílẹ̀, ó sì kú. Ìgbà náà ni àwọn tí ó lé e tó wo òkú rẹ̀, tí ojú wọn sì wálẹ̀.

Orúkọ burúkú ni wọ́n ń sọ ajá kí wọ́n tó pa á. Ẹni tí ó bá ti rí i rí ní ọjà tàbí ní ibùdókọ̀, bí igbe "olè!" ṣe ń kó èrò jọ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀, kò nílò kí wọ́n túmọ̀ fíìmù yìí fún un. Ìbòjú apànìyàn jẹ́ rọ́bà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó dá sílẹ̀ lè wọ ọkàn ọmọlúàbí, kí ó sì mú un pa aláìṣẹ̀.

Ẹni tí ó yè

Fíìmù ọdún 2018 tún sọ ohun mìíràn tí àwọn tí ó ṣáájú kò fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí. Laurie ti di ìyá àgbà. Ó yè, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà kò tíì tán nínú rẹ̀. Ó fi irin dí ilé rẹ̀, ó kó ìbọn jọ, ó sì gbẹ́ ibi ìsápamọ́sí sábẹ́ ilé ìdáná. Ó kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìbọn yíyìn nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, títí tí ìjọba fi gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Curtis, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 19 nígbà tí wọ́n ya fíìmù àkọ́kọ́, ti sún mọ́ 60 ọdún nígbà tí ó tún padà ṣe ipa yìí, ojú rẹ̀ sì fi gbogbo ọdún náà hàn. Fíìmù náà mú ju mílíọ̀nù 250 dọ́là wọlé káàkiri ayé.

Òbí tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè béèrè pé ṣé ó yẹ kí ọmọ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1978 ni wọ́n ti fi àmì sí Halloween pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ wọ ilé sinimá lọ wò ó láìsí òbí tàbí alágbàtọ́. Àmì bẹ́ẹ̀ kò sí lára tẹlifóònù tí ọmọ gbé dání lórí ẹní. Òbí ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àmì náà. Ọ̀dọ́ tí ó ti dàgbà tó láti wò ó yóò jèrè bí ẹnì kan bá jókòó tì í, tí ó sọ fún un pé ọ̀dà ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, pé ẹni tí ń jóná ní aṣọ ààbò lọ́rùn, pé ìbòjú náà kò tó dọ́là méjì. Lẹ́yìn náà, kí ó bi í léèrè: ta ni ó pa Ben Tramer?

Ní ọdún 2022, Halloween Ends jáde, Green sì fi parí ìtàn tirẹ̀. Laurie pa Michael nínú ilé ìdáná rẹ̀. Wọ́n so òkú náà mọ́ orí ọkọ̀, gbogbo ìlú tẹ̀ lé e lóru, láìpariwo, láìsọ òkúta. Wọ́n jù ú sínú ẹ̀rọ tí ń lọ irin àlòkù, níṣojú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé òun rí i. Lẹ́yìn náà, kámẹ́rà padà sí ilé Laurie. Ìbòjú funfun náà wà lórí tábìlì, ihò ojú rẹ̀ ṣófo, kò sì sí ẹni tí ó gbé e wọ̀.